Ìbò Tí Mo Kọ́ Lọ́wọ́ Oníròyìn Bésíbọ́ọ̀lù

Bàbá kan wà ní Thamesmead Moorings tí mo máa ń lọ tọ́jú láàárọ̀, ọmọ Amẹ́ríkà ni. Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó nínú ilé wọn ni mo ń ṣe, mo sì ti pẹ́ nídìí ẹ̀ débi pé mo mọ̀ pé bí èèyàn bá fẹ́ kí arúgbó jẹun, kó kọ́kọ́ wá nǹkan tí yóò bá a jiyàn lé lórí. Ti bàbá yìí kò ṣòro. Bésíbọ́ọ̀lù ni, eré tí wọ́n ti ń fi igi gbá bọ́ọ̀lù kékeré, tí ẹni tó gbá a á wá sáré yípo pápá padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ló fi kọ ìròyìn eré yẹn sínú ìwé ìròyìn ìlú kan lọ́hùn-ún, kó tó tẹ̀lé ìyàwó rẹ̀, ọmọ Plumstead, wá síbí. Ìyàwó ti kú. Ó wá ku bàbá, tẹlifíṣọ̀n, àti ẹnu rẹ̀.

Èmi náà ní ẹnu. Ìyá mi máa ń sọ pé bí wọ́n bá ní mo fẹ́ràn iyàn, màá jiyàn títí ilẹ̀ á fi ṣú pé n kì í jiyàn. Nítorí náà, èmi àti bàbá bára mu. Gẹ̀ẹ́sì la jọ ń sọ, ṣùgbọ́n bó bá ti mú mi bínú, mo máa ń lọ fi Yorùbá sọ èyí tó kù nídìí abọ́ tí mo ń fọ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù kọkànlá, mo bá a tó ń bínú sí tẹlifíṣọ̀n. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kéde agbábọ́ọ̀lù tó gba àmì-ẹ̀yẹ Ẹni Tó Wúlò Jù lọ́dún náà, bàbá sì ní wọn ò mọ ìbò dì. Mo bi í pé ta ló ń dì í. Ó ní àwọn oníròyìn ni. Mo dá ọ̀bẹ dúró lórí búrẹ́dì tí mo ń fi bọ́tà ra.

"Oníròyìn? Kì í ṣe àwọn tó ń gbá a?"

Rárá.

"Kì í ṣe àwọn kóòṣì wọn?"

Rárá o. Oníròyìn méjì méjì láti ìlú kọ̀ọ̀kan tó ní ẹgbẹ́ nínú líìgì ni. Wọ́n á kọ orúkọ èèyàn mẹ́wàá tẹ̀ léra, ẹni tó bá wà lókè á gba máàkì tó pọ̀ jù, wọ́n á wá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀.

"Ẹ gbà mí! Ẹni tí kò di igi mú rí ló wá ń sọ ẹni tó mọ igi dì mú jù?"

Bàbá tọ́ka sí búrẹ́dì ọwọ́ mi. Ó ní òun ò ṣe búrẹ́dì rí láyé òun, ṣùgbọ́n òun mọ èyí tó gbẹ. Mo ní ìyẹn yàtọ̀. N kò sọ bó ṣe yàtọ̀.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Láti ọjọ́ náà, kí n tó bọ́ kóòtù ọrùn mi ni màá ti béèrè tuntun. Mo fẹ́ mọ̀ ṣáá ni. N kò wo eré yẹn parí rí, oorun ló máa ń kùn mí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìbò yẹn kò kúrò lọ́kàn mi. Pé èèyàn á jókòó sí kọ̀rọ̀ yàrá rẹ̀, á máa to ọmọ ọlọ́mọ, ìwọ ni kìn-ín-ní, ìwọ ni ìkeje! Ta ló fún un láṣẹ? Báwo ló ṣe ń sùn lẹ́yìn tó bá ṣe tán?

"Kí ló tiẹ̀ ń jẹ́ wíwúlò?" Mo bi í léyìí lọ́jọ́ kan tí mo ń wọ ìbọ̀sẹ̀ sí i lẹ́sẹ̀.

Ó ní kò sẹ́ni tó mọ̀. Wọn ò kọ ìtumọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ kó fẹsẹ̀ múlẹ̀, oníkálukú ló ń túmọ̀ rẹ̀ bó ṣe yé e. Àwọn kan ní ẹni tó mọ̀ ọ́n gbá jù ni. Àwọn kan ní ẹni tó jẹ́ pé, bí kò bá sí òun, ẹgbẹ́ rẹ̀ kò ní dé ibi tó dé.

"Ti ìkejì ni tèmi," ni mo wí. "Bí ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń fìdí rẹmi lójoojúmọ́, kí ni wọ́n fẹ́ fi gbígbá rẹ̀ ṣe? Ó kàn ń fi apẹ̀rẹ̀ pọnmi ni."

Bàbá wò mí. "Ẹ̀bi ẹni tó lọ sódò ni, àbí ẹ̀bi ẹni tó gbé apẹ̀rẹ̀ fún un?"

Mo wọ ìbọ̀sẹ̀ kejì sí i lẹ́sẹ̀. Inú bọ́ọ̀sì ni mo wà, mò ń lọ sọ́dọ̀ ìyá tí mo máa ń tọ́jú ṣìkejì ní Plumstead, kí èsì tó yẹ kí n fún un tó sọ sí mi lọ́kàn. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ̀ kalẹ̀ kí n padà.

Lọ́jọ́ mìíràn, ó ní wọ́n gbọ́dọ̀ ti fi ìbò ránṣẹ́ kí ìdíje àṣekágbá tó bẹ̀rẹ̀. Mo pariwo. Ìbò kí eré tó parí? Bí ẹni tí ẹ yàn bá wá di ọ̀lẹ lọ́jọ́ tí gbogbo ayé ń wò ó ńkọ́? Ó ní iṣẹ́ ojoojúmọ́ ni àwọn ń fi ìbò náà yìn. Nǹkan bí oṣù mẹ́fà ni wọ́n fi ń gbá a, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ọjọ́ ìsinmi, nínú oòrùn, nígbà tí ìjókòó púpọ̀ ṣófo. Ẹni tó bá ń tàn lọ́jọ́ àríyá, àmì-ẹ̀yẹ tirẹ̀ wà lọ́tọ̀. Eléyìí wọ̀ mí lára. Mo rò ó títí di ìrọ̀lẹ́.

Ohun tó dá ìjà gidi sílẹ̀ láàárín wa ni ti ìkọ̀kọ̀ àti gbangba. Lóde òní, wọ́n máa ń gbé ìbò oníròyìn kọ̀ọ̀kan jáde pẹ̀lú orúkọ rẹ̀, kí gbogbo ayé rí ẹni tó kọ àti ipò tó fi í sí. Nígbà ayé bàbá, kò rí bẹ́ẹ̀. Mo ní tòde òní ló dáa. Ẹni tó bá fẹ́ ṣèdájọ́ ọmọlàkejì rẹ̀, kó yọjú síta. Bàbá ní rárá, gbangba ń sọ èèyàn dojo. Ó ní àwọn oníròyìn á máa wo ohun tí ẹlẹgbẹ́ wọn máa kọ, ẹ̀rù á bà wọ́n láti dá yàtọ̀, kí wọ́n má baà rí èébú he.

"Ìkọ̀kọ̀ ńkọ́?" ni mo wí. "Ṣebí ìkọ̀kọ̀ ló ń sọ èèyàn dìkà?"

Ó gbé búrẹ́dì rẹ̀ sílẹ̀. Mo rò pé mo ti mú un, mo ti ń rẹ́rìn-ín. Àṣé mo tẹ ojú egbò ni. Ó ní lọ́dún kan, agbábọ́ọ̀lù kan wà tí ẹnikẹ́ni ò lè mú, ṣùgbọ́n kì í dá oníròyìn lóhùn. Bàbá bi í ní ìbéèrè lójú gbogbo èèyàn, ọkùnrin náà wò ó láti òkè délẹ̀, ó padà sídìí oúnjẹ rẹ̀. Nígbà tí ìbò dé, bàbá kọ orúkọ mẹ́wàá, kò kọ tọkùnrin náà. Kò fi í sókè, kò fi í sí ìsàlẹ̀. Díẹ̀ báyìí ni àmì-ẹ̀yẹ fi fo ọkùnrin náà dá.

"Gbogbo wa ń wá ẹni tó yọ ọ́," ni bàbá wí. "Mo jókòó láàárín àwọn ẹgbẹ́ mi, èmi náà ń bá wọn wá a."

Mo ní ìwà tó hù burú. Ó ní òun mọ̀. Mo ní kó jẹ búrẹ́dì rẹ̀ kó tó tutù. Àánú rẹ̀ ṣe mí, ṣùgbọ́n kí n má purọ́, inú mi dùn pẹ̀lú, nítorí ó ti fi ẹnu ara rẹ̀ fún mi ní àre. Gbangba ló dáa. Ohun tí mo mú kúrò níbẹ̀ nìyẹn, mo sì gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Ìjọ wa wà nínú ilé ìkẹ́rùsí kan ní Thamesmead West, kò jìnnà sí ọgbà ẹ̀wọ̀n. Lọ́dọọdún, lọ́jọ́ àjọ̀dún ìjọ lópin oṣù Kejìlá, a máa ń yan Òṣìṣẹ́ Ọdún láàárín àwa tá à ń ṣiṣẹ́ nínú ìjọ. Wọ́n á fún ẹni náà ní gíláàsì tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí, ìjọ á dìde pàtẹ́wọ́, Pásítọ̀ á gbé ọwọ́ lé e lórí. Pásítọ̀ nìkan ló máa ń yàn án, àwọn tí ojú ń rí lórí pẹpẹ ló sì máa ń yàn. Ìkùnsínú kì í tán.

Ọmọbìnrin kan wà níbẹ̀ tí mo mú bí àbúrò. Woolwich ni wọ́n bí i sí, ọ́fíìsì ló ti ń ṣiṣẹ́, Yorùbá rẹ̀ máa ń kọsẹ̀ níbi méjì mẹ́ta, á sì dìde. Òun ló ń fi mọ́tò rẹ̀ gbé àwọn àgbà wa láti Moorings wá sí ìsìn, tó ń dá wọn padà. Ọdún kẹfà rèé. Ìrìn mẹ́ta ni láàárọ̀ Sọ́ńdè, ìrìn mẹ́ta lọ́sàn-án. Ó máa ń dí wọn ní bẹ́líìtì, á ká kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń tì rìn sẹ́yìn ọkọ̀, á dúró de ẹni tó ń wá eyín rẹ̀. Kò gbọ́ orin ìyìn rí láàárọ̀ Sọ́ńdè, nítorí ìgbà tó bá fi máa wọlé, wọ́n ti ń wàásù.

Ní ìparí oṣù kọkànlá yẹn, ó ń gbé mi lọ sílé lẹ́yìn ìsìn, ó ní, "Auntie, mo fẹ́ fi ìjọ yìí sílẹ̀. Mi ò bínú o. Ó ti sú mi ni. Mo kàn ń rò ó pé tí mi ò bá wá mọ́, ṣé wọ́n máa sọ pé èmi ni mi ò wá, àbí wọ́n máa sọ pé mọ́tò ò wá?"

Omi bọ́ lójú mi. Mo ní kó fara dà á di ìparí ọdún. Ó ní, "Kí ló fẹ́ ṣẹlẹ̀ ní ìparí ọdún?" Mo ní kó ṣáà ní sùúrù. Ó ní ó dáa, òun á dúró di ìgbà yẹn, tí òun ò bá rí ẹnì kan ṣoṣo tó rí òun, òun á máa lọ ní tòun.

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ló ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Mo lọ bá Pásítọ̀. Mo ní kó jẹ́ kí gbogbo òṣìṣẹ́ dìbò, kó lè rí ìsinmi lọ́wọ́ ìkùnsínú. Mo kó gbogbo ohun tí mo kọ́ lọ́dọ̀ bàbá kalẹ̀. Nínú bésíbọ́ọ̀lù, wọ́n ní àmì-ẹ̀yẹ mìíràn fún àwọn tó ń ju bọ́ọ̀lù sí ẹni tó ń gbá a, orúkọ márùn-ún ni tiwọn: ẹni àkọ́kọ́ máàkì méje, ìkejì mẹ́rin, ìkẹta mẹ́ta, ìkẹrin méjì, ìkarùn-ún ọ̀kan. Mo ní ká lo ìyẹn. Kí oníkálukú kọ orúkọ tirẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ìwé. Lọ́jọ́ àjọ̀dún, ká lẹ gbogbo ìwé mọ́ ògiri, kí ẹnikẹ́ni má lè fara pamọ́ ṣèkà. Pásítọ̀ ní, "Sister, níbo lẹ ti rí ọgbọ́n yìí?" Mo ní lọ́dọ̀ àwọn oníròyìn Amẹ́ríkà. Orí mi wú.

N kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ pé kó dìbò fún àbúrò. Mo kà á sí màgòmágó. Mo gbà pé kò sẹ́ni tó lè jókòó sí ìjọ wa fún ọdún mẹ́fà kó má mọ ẹni tí iṣẹ́ wà lọ́rùn rẹ̀.

Sọ́ńdè ìbò dé. Mo pín ìwé, mo ṣàlàyé títí ọ̀fun mi fi gbẹ: ẹni tó ṣiṣẹ́ jù ni kó wà lókè, ẹni tó tẹ̀ lé e ní ìkejì, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹnì kan béèrè pé, "Ṣé òótọ́ ni wọ́n máa lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, pẹ̀lú orúkọ yín. Kẹ́kẹ́ pa. Mo rò pé ìdákẹ́jẹ́ àwọn tó gbà ni.

Mo jókòó, mo mú báírò. Ìyàwó Alàgbà ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ìgúnpá rẹ̀ kan tèmi, ojú rẹ̀ sì ń rìn. Mo fẹ́ kọ orúkọ àbúrò sókè. Ọlọ́run ń gbọ́, mo ti fi ẹnu báírò kan ìwé. Mo wá rò ó pé ìwé yìí máa wà lára ògiri. Mummy máa rí i, ìyẹn ìyá tó dàgbà jù nínú ìjọ wa, tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Alàgbà máa rí i. Wọ́n á rí i pé mo gbé ọmọ tí mo lè bí lé wọn lórí, mo fọwọ́ sí i. Ṣé wọn ò ní ní mo gbéra ga? Mo sọ fún ara mi pé àwọn tó kù á fi í sí kìn-ín-ní, ìwé tèmi nìkan kò lè bà á jẹ́. Mo kọ Mummy. Mo kọ Alàgbà. Mo kọ ìyàwó Alàgbà, tó mí kanlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Àbúrò ṣe ìkẹrin. Mo fi olórí akọrin ṣe ìkarùn-ún, mo ká ìwé náà.

Lọ́jọ́ kejì, bàbá fẹ́ gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ojú rẹ̀ ń dán, ó ní ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí òfin ìbò àwọn máa wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ó bi mí pé ta ni mo kọ sókè. Mo ní ìbò ìkọ̀kọ̀ ni. Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e. "Ìwọ kọ́ lo ní gbangba ló dáa?" Mo bínú. Mo ní kó jẹ́ kí n ráyè ṣiṣẹ́ mi.

Lọ́sàn-án Sátidé, èmi àti arákùnrin tó ń bójú tó makirofóònù jókòó sí kíṣìnì ṣọ́ọ̀ṣì, à ń ka ìbò. Mo ṣí ìwé àkọ́kọ́: Mummy, Alàgbà, ìyàwó Alàgbà. Mo ṣí ìkejì: Mummy, Alàgbà, ìyàwó Alàgbà. Ìkẹta bákan náà. Nígbà tá a dé ìkẹfà, arákùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí rẹ́rìn-ín.

"Auntie, ó dà bí ìgbà tí èèyàn gba makirofóònù tó ń kí àwọn àgbà kó tó sọ̀rọ̀."

Háà! Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni. Wọ́n kí àgbà ni. Mo ní kí wọ́n to orúkọ èèyàn láti òkè wá sísàlẹ̀, wọ́n tò ó bí ìyá wọn ṣe kọ́ wọn láti máa to èèyàn, ọjọ́ orí ni wọ́n tẹ̀ lé. Ọmọ Yorùbá wo ló fẹ́ kọ orúkọ ọmọdé sókè, kó kọ ti àgbà sábẹ́ rẹ̀, kó wá fọwọ́ sí i, kí wọ́n tún lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri? Bàbá ní gbangba ń sọ èèyàn dojo, mo ń fi Yorùbá bú u nídìí abọ́.

Ohun tó wá dùn mí wọ egungun ni pé orúkọ àbúrò wà lára gbogbo ìwé. Ìkẹrin, ìkarùn-ún, ìkẹrin, ìkẹrin. Kò sẹ́ni tó gbàgbé rẹ̀! Gbogbo wọn ló rí i. Bóyá oníkálukú wọn náà rò pé ẹlòmíràn á gbé e sókè.

Ìwé kan ṣoṣo ló yàtọ̀. Ọwọ́ tó kọ ọ́ ń gbọ̀n, lẹ́tà rẹ̀ tóbi bí ti ọmọ ilé-ìwé, orúkọ àbúrò ló sì wà lókè pátápátá. Mo wo ìsàlẹ̀. Ti Mummy ni. Mo rò ó pé nínú gbogbo wa, òun nìkan ni kò ní àgbà kankan lókè orí tó lè máa ṣọ́ ojú rẹ̀. Òun nìkan ló ráyè dìbò.

Arákùnrin náà ní ká pe Pásítọ̀, ká ní wọn ò mọ̀ ọ́n kọ, kí wọ́n tún un kọ. Mo mú fóònù, mo gbé e sílẹ̀. Ìwé ta ni Pásítọ̀ máa kọ́kọ́ béèrè fún? Tèmi olùkọ́ ni. Mo ní, "Ìbò ti di ìbò. Ká má ṣèrú." Mo fi ohùn òfin sọ ọ́, ìtìjú ló sì ń sọ̀rọ̀.

Lọ́jọ́ àjọ̀dún, wọ́n pe Mummy jáde. Ó dìde pẹ̀lú igi rẹ̀, ó gba gíláàsì, ó gbé e súnmọ́ ojú. "Iṣẹ́ wo ni mo ṣe?" ló bi Pásítọ̀, makirofóònù sì gbé e. "Wọ́n ń gbé mi wá, wọ́n ń gbé mi lọ. Ẹni tó ń gbé mi ńkọ́?" Ìjọ rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé àwàdà ni, wọ́n pàtẹ́wọ́. Pásítọ̀ ní ìrẹ̀lẹ̀ àgbà nìyẹn, ó gbé ọwọ́ lé e lórí. Adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ. Èmi ń wo bàtà mi.

Lẹ́yìn ìsìn, nígbà tí wọ́n ń pín ìrẹsì, mo rí àbúrò nídìí ògiri. Ó ń ka àwọn ìwé náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìka rẹ̀ ń tẹ̀ lé ojú rẹ̀. Ó pẹ́ díẹ̀ nídìí ti Mummy, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Lẹ́yìn náà ó dé tèmi. Ó wo orúkọ mi nísàlẹ̀, ó wo òkè, ó tún wo ìsàlẹ̀. Mo ti dé ẹ̀yìn rẹ̀.

"Auntie," ló wí, kò yíjú, "ẹ̀yin náà?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀ bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ inú ọgbà ọlọ́gbà. Mo ní mo rò pé àwọn tó kù á fi í sókè. Mo ní ìyàwó Alàgbà ń wo ìwé mi. Mo ní ṣebí bí ọmọdé bá mọ ọwọ́ wẹ̀, á bá àgbà jẹun, n kò tiẹ̀ mọ ohun tí mo fẹ́ fi òwe yẹn ṣe. Ó jẹ́ kí n sọ tán. Ó ní kò burú, àwọn àgbà ń dúró. Ó gbé wọn lọ, ìrìn mẹ́ta gbáko, ó dí oníkálukú ní bẹ́líìtì.

Ní Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, kò wá. Láti Moorings, àwọn àgbà pè mí lórí fóònù lọ́kọ̀ọ̀kan, òtútù hàn nínú ohùn wọn. Orúkọ ẹ̀ gan-an ni wọ́n fi béèrè ẹ̀, wọ́n ní ṣé ara ẹ̀ yá, ṣé kò sí nǹkan. Èmi àti arákùnrin makirofóònù wá takisí fún wọn. Ẹ̀yìn ìgbà náà la gbọ́ pé ó ti ń lọ sí ìjọ mìíràn ní Woolwich, níbi tó ti ń bá wọn kọrin láti ìbẹ̀rẹ̀ ìsìn.

Mo sọ fún bàbá. Mo sọ gbogbo rẹ̀, mo sọ ibi tí mo fi í sí. Mo retí pé kó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, mo ti múra èsì. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó bi mí pé ṣé mo ti bẹ ọmọ náà. Mo ní òun ńkọ́, ṣé ó bẹ agbábọ́ọ̀lù tirẹ̀? Ó ní ọkùnrin náà kú kí òun tó nígboyà.

Ẹnì kan ṣoṣo ni àbúrò ṣì máa ń gbé wá sọ́dọ̀ wa. Mummy ni. Á tú bẹ́líìtì rẹ̀, á gbé igi fún un, á mú un dé ẹnu ọ̀nà, á sì yípadà sí Woolwich. Ní Sọ́ńdè kan nínú oṣù Kejì, mo dúró dè é níta láti aago mẹ́sàn-án, atẹ́gùn odò ń gbá mi lójú. Ó rí mi, ó fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀ kí mi bó ṣe máa ń ṣe. Mo jẹ́ kí Mummy kọ́kọ́ wọlé. Mo dúró sí ẹnu ilẹ̀kùn mọ́tò kó má baà rí i tì.

"Má bínú sí mi," ni mo wí. "Ojo ni mo ṣe. Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ẹ́, ìwọ ni kìn-ín-ní lọ́kàn mi."

Ó fi ọwọ́ kan ọwọ́ mi tó wà lára ilẹ̀kùn. Kò bínú. Ì bá tiẹ̀ bínú, ì bá sàn fún mi.

"Mo mọ̀, Auntie," ló wí. "Ìyẹn gan-an ló dùn mí."